Òwú Funfun Lára Kóòtù Bàbá Mi

Mi ò rántí dáadáa bóyá bàbá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìwé ìrántí mi sọ pé ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo kọ ọ́, mo sì mọ ara mi sí ẹni tó máa ń fi ohun tó wù ú dí àlàfo.

Ohun tó dá mi lójú ni pé mo wálé fún ìsinmi láti yunifásítì, mo jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ibo Road, ní Kano, mo sì ń fi àwọn aṣọ ọkùnrin tí wọ́n gbé jáde ní òkè òkun ní sáà yẹn hàn án lórí fóònù. Mẹ́ta ni mo fẹ́ràn jù. Àkọ́kọ́ ni ṣòkòtò fífẹ̀ kan tó ń gbálẹ̀ tẹ̀lé ẹni tó wọ̀ ọ́. Èkejì ni ẹ̀wù gígùn kan tó kọjá orúnkún.

"Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tuntun?" ni bàbá mi wí. "Kí wọ́n wá sí Kano lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ẹ̀kẹta ni kóòtù kan tí òwú funfun hàn gbangba lára rẹ̀ láti èjìká dé ìsàlẹ̀: irú èyí tí aránṣọ máa ń fọwọ́ gún láti fi di aṣọ mú kó tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, tí yóò sì fà yọ bí iṣẹ́ bá parí.

"Ẹni tó rán eléyìí ò tíì ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ta ló jẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni, Dádì. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹwà kẹ̀! Ìwé ti pọ̀ jù lórí rẹ."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì wo kóòtù náà pẹ́. Ìyẹn dá mi lójú, tàbí mo fẹ́ kó dá mi lójú.

Kí ọdún tó parí, ó rán kóòtù kan fún ara rẹ̀, òun tó jẹ́ pé aṣọ oníbàárà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rán. Kò tíì wọ̀ ọ́ rí tí àìsàn ráńpẹ́ fi mú un lọ. Màmá mi ní kóòtù náà la ó fi sin ín. Nígbà tí mo gbé e wálẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo rí òwú funfun lára rẹ̀, láti èjìká dé ìsàlẹ̀.

Ṣé mo rántí kóòtù orí fóònù nígbà yẹn? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Ohun tí mo rò ni pé ikú ni kò jẹ́ kó parí iṣẹ́. Gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá wò ó nínú pósí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí nípa rẹ̀ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wí nípa aránṣọ òkèèrè yẹn. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú náà. Òwú ìdìmú kì í le. Ìka lásán ti tó láti já a. Èyí ò já. Abẹ fẹ́lẹ́ ni mo fi gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì bi ara mi ní ìdí tó fi yi tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màláàmù tó ń fọwọ́ kó iṣẹ́ sí ọrùn bàbáńrígà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa wá bá wa kẹ́dùn. Ó wo fọ́tò tí wọ́n ya bàbá mi nínú pósí, ó tún un wò.

"Òwú ńkọ́?" ó bi mí ní Hausa.

"Mo tú u, Màláàmù. Iṣẹ́ náà ò tíì parí."

"Haba, ọmọ mi!"

Ó wá sọ ìyókù fún mi. Orí ẹní rẹ̀ ni bàbá mi jókòó sí, ọ̀sán méjì gbáko, tó ń fọwọ́ gún un, tó ń rẹ́rìn-ín. Òwú sílíkì ni, èyí tí Màláàmù fi ń ṣe ọrùn bàbáńrígà. Bàbá mi ti kó bọ́tìnì sí kóòtù náà, ó sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, kó tó wá tọrọ òwú.