Oríkì Tí Mo Ń Dúró Dè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Sunday tó kọjá nílé màmá mi ní Austell, níbí ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi pàdé, Tọ́pẹ́ ni mo ń jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, Conyers ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi, ṣùgbọ́n obìnrin ni mí. Transgender ni wọ́n ń pe irú wa níbí. Mi ò pààrọ̀ orúkọ o! Ṣebí Tọ́pẹ́ ọkùnrin wà, Tọ́pẹ́ obìnrin náà wà?

Ohun tí àwọn èèyàn wa ń sọ pọ̀. Uncle kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé Amẹ́ríkà ló kó o ràn mí. Amẹ́ríkà kẹ̀? Ìbàdàn ni mo ti mọ̀, kí n tó mọ̀wé kọ rárá! Aunty kan bi mí bóyá torí kí n lè fẹ́ ọkùnrin ni. Aunty mi dáadáa, ẹni tí mo jẹ́ ni mò ń sọ, ẹ̀yin ń bi mí nípa ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Ti Mọ́mì ni mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé obìnrin ni mí, wọn ò kì mí mọ́. Àkànní ni oríkì mi, ẹ sì mọ̀ pé oríkì ọkùnrin nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti wọlé báyìí, Àkànní á gba ilé kan. Wọn ò bínú o: wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi, wọ́n ń bi mí nípa shift mi. Oríkì nìkan ni wọn ò pè. Ẹ wò ó, oríkì ọkùnrin ni, síbẹ̀ ọkàn mi ń fà sí i. Tí mo bá ń wa mọ́tò padà sílé lójú ọ̀nà márosẹ̀ I-20, ẹkún ni. Mo ti gbà pé wọ́n kọ̀ mí.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé èmi kì í ṣe ọmọ wọn mọ́ ni.

Ẹ gbà mí, Mọ́mì bú sẹ́kún! Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ìyá àwọn ló sọ mí ní Àkànní, ìyá náà sì ti di olóògbé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ pe èyí tó máa dùn mí.

“Ta ni kí n wá bi, Tọ́pẹ́? Mo ti ń dán wọn wò ní kitchen. Àjíkẹ́. Àbẹ̀kẹ́. Àṣàkẹ́. Kò tíì sí èyí tó bá ẹ mu lẹ́nu mi. Mi ò kàn lè mú èyíkéyìí sọ ẹ́.”

Mo gbé orí lé itan wọn. Mo ní kí wọ́n má kánjú, mo máa dúró. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ìdúró yẹn ò rọrùn rárá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ló kọ̀ wá. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sunkún.

Ẹ̀yin obìnrin, oríkì wo ni ìyá yín fi ń kì yín? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Mo fẹ́ máa kà wọ́n fún Mọ́mì lórí fóònù, bóyá tèmi á wà níbẹ̀.