Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Misí

Ẹni tó bá ti ra ọ̀pẹ òyìnbó rí ní títì Fìdítì mọ Olúyẹ́misí, àbúrò mi. Kí mọ́tò tó dúró, ẹnu Misí ti dé ojú fèrèsé: "Bọ̀dá, ẹ tọ́ ọ wò, oyin ni!" Tó bá wá rẹ́rìn-ín, ẹ óò gbọ́ ọ ní Ìlọrá.

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1994, ó rẹ́rìn-ín, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yẹ̀, ẹnu là sílẹ̀ gbàgà, kò lè pa á dé. Wọ́n bá a tì í padà. Kò pẹ́, ó yán, ó tún yẹ̀. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wú, ó ń gbóná, ẹ̀kọ mímu gan-an di ogun. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé òwe wọn lọ sílé ìyá wọn.

Epo bẹntiró wọ́n bí ojú nígbà náà, ṣùgbọ́n mo wá mọ́tò gbé e dé ọsibítù n'Íbàdàn. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, ó sì gún ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún padà sí oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Mo ní, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ òun fúnra rẹ̀ náà?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni yóò mú oríkèé náà le tí kò fi ní máa yẹ̀. Ó fi báńdéèjì di àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ ni kó máa fà mu láàárín eyín. "Tó bá la ẹnu kí n tó tú u, iṣẹ́ wa bàjẹ́."

Misí! Ẹni tí kì í dákẹ́ lójú oorun! Ó wọlé, ó jáde, ó jókòó, ó dìde. Èmi náà ò rójú, torí ìgbéyàwó òun àti Àbọ̀dé, ọmọ Awẹ́, ti dé tán, àwọn aláròká sì ti gbé e dé Awẹ́ pé abẹ́rẹ́ ti sọ ìyàwó di odi. Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́! Ìyá Àbọ̀dé ti ní ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tí kò lè kí òun káàárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kúulé o!" Ìyá Àbọ̀dé ni. Misí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo sáré síwájú.

"Mà, dókítà ló ní..."

"Ìwọ kọ́ ni mo wá bá."

Ó dúró, ó ń wo ẹnu Misí. Mo rí i tí ọwọ́ Misí ń lọ síbi tí wọ́n ti so báńdéèjì. Olúwa mi o, ṣé ó fẹ́ tú u ni? Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó wá pa eyín dé, ó ń kùn nímú. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn lásán ni: re, mí dò dò. "Ẹ káàbọ̀" ló ń kùn! Ó tún kùn òmíràn, ó ń fi béèrè bóyá àlàáfíà ni.

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Ara ńkọ́?" Ìyá Àbọ̀dé ti dáhùn kó tó mọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín. Èjìká Misí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo pariwo: "Misí, má rẹ́rìn-ín o!"

Ìyá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n rẹ̀ mú gírígírí, omi ẹ̀rín ń dà lójú òun alára.

"Gbé e mì, ìyàwó mi," ló ń wí. "Gbé e mì. Tó o bá dé ilé mi, a ó jọ rín in."