Olórin Róòkì Tí Bàbá Mi Kọ́ Ní Kéwú

Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú ló máa ń wọ̀ nínú oòrùn Ìlọrin, oòrùn tó ń yọ́ ọ̀dà ojú títì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Post Office, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rin gbingbin fún òógùn, ṣùgbọ́n kò ní bọ́ ọ, nítorí pé olórin róòkì ìgboro ni, bó ṣe máa ń pe ara rẹ̀. Orí fóònù ló ti rí ará Mẹ́síkò kan tó ń fi gìtá àti ohùn híha kọrin nípa àwọn aláìní àdúgbò rẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ọkùnrin náà. Ó kàn wo aṣọ ọrùn rẹ̀ àti bó ṣe ń fajú ro, ó sì lọ wá irú aṣọ náà rà. Nígbà tó yá, ó yá òṣì ọkùnrin náà mọ́ ọn.

Kò sí òṣì kankan nílé tiwọn. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, mọ́tò ló sì máa ń gbé e wá sí ilé kéwú bàbá mi, tí awakọ̀ á máa bá a gbé wàláà tó fi ń kọ́wèé. Nínú orin rẹ̀, orí páálí ló ń sùn ní Ọ̀fà Garage. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó sùn níbẹ̀ ni ìgbà tí ọkọ̀ Ìbàdàn kò tètè kún, tó sùn lọ lórí ìjókòó iwájú. Bó bá kọ orin yìí, àwọn ọ̀dọ́ á máa nu ojú. Èmi á pòṣé.

Orin tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ gan-an ni èyí tó fi sọ pé òun kò ní olùkọ́, pé títì ló kọ́ òun. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jókòó níwájú bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Orí ẹní kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ jókòó lé, kò sì sí ẹni tó ní ohùn bíi tirẹ̀ nínú gbogbo wa. Ohùn fífà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ orin náà lórí rédíò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Èmi ni inú bí fún àwa méjèèjì.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó kì í ṣàdédé gbé e. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wòlímọ̀tù: ọkọ ìyàwó á jókòó sórí ẹní lójú ẹbí méjèèjì, á ké kéwú, áàfáà tó kọ́ ọ á sì jókòó tì í. Bó bá ké e dáadáa, áàfáà ló gbayì. Bó bá ta kókó, áàfáà náà ni wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ̀ délé.

Bàbá mi nílò iyì yẹn. Àwọn ilé kéwú ìgbàlódé, tó ní yunifọ́ọ̀mù àti ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ti ń kó ọmọ kéwú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Mọ́kànlá ló kù lórí ẹní. Nígbà tí olórin náà wá sọ pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó, pé Áàfáà ni kó wá jókòó ti òun, fúnra bàbá mi ló fọ agbádá funfun rẹ̀. Ó ní gbogbo ìlú á gbọ́ ohun tí òun ń kọ́ ọmọ, ilé kéwú òun kò sì ní tú.

Èrò pọ̀ lóòótọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn olórin náà dúró yí ẹní ká, wọ́n na fóònù sókè. Mo rí i tó ń wo àwọn fóònù yẹn. Ó ké ìlà àkọ́kọ́, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ní ìlà kejì, ó dúró, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá mi rọra fi ọ̀rọ̀ tó kàn sí i lẹ́nu. Ó gbà á, ó lọ díẹ̀, ó tún dúró. Báyìí ló ṣe é títí dé òpin, tí bàbá mi ń bù ú fún un bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ẹní, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń pariwo pé ọmọ títì gidi ni, pé kò parọ́ nínú orin rẹ̀. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí ìyàwó kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Áàfáà wo ló kọ́ ọmọ yìí?"

"Èmi ni," ni bàbá mi wí.

Olórin tí ẹnu rẹ̀ kì í dá lórí ìtàgé wá ń wo ilẹ̀. Gbólóhùn kan péré, pé Áàfáà kọ́ òun dáadáa, ì bá tó, kò sọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ tì í. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé mi ò lè mu omi wọn. Wọ́n fún un ní ìyàwó rẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n túká.

Fídíò náà lọ káàkiri, a sì ń gbọ́ ohùn bàbá mi nínú rẹ̀ tó ń tún un ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba wàláà ọmọ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n ní ọ̀nà ló jìn. Ó ṣẹ́ ku ọmọ mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ kan, mo bú jáde. Mo ní mo máa lọ sórí rédíò, kí n sọ fún ayé pé òpùrọ́ ni, pé etí mi yìí ló ké e sí láti òkè délẹ̀ nígbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Mo rò pé bàbá mi kò mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹni tó bá gbàgbé, ibi tó bá ti ká a mọ́ ló máa dúró sí. Gbogbo ibi tí òun dúró sí, ibi tí mo kọ́ ọ pé kó ti máa mí ni. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó bi èmi náà bóyá mo fẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn gbọ́, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, pé ọkọ òun ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣeré nítorí fóònù. Mo wá ń wá ohun tí mo máa fi tù ú nínú, mo ní iṣẹ́ rẹ̀ kò kúkú ṣòfò, pé kéwú náà ṣì wà lórí ọmọkùnrin náà pé pérépéré.

Bàbá mi mi orí.

"Ì bá sàn kó jẹ́ pé ó gbàgbé ni," ló wí. "Ǹ bá tún un kọ́."