Ìpìlẹ̀ Ilé Àkùrọ̀ ní Ìgándò

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń ka ọ̀nà tí èèyàn fi ń di injiníà olóǹtẹ̀, ẹni tí òfin gbà pé ó lè fọwọ́ sí àwòrán ilé, fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì jókòó tì mí. Ẹni tó gba HND bíi tèmi gbọ́dọ̀ padà lọ kàwé kún un. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ lábẹ́ injiníà olóǹtẹ̀, yóò kọ ìròyìn iṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí sí i, kó tó jókòó níwájú àwọn àgbà tí yóò da ìbéèrè bò ó. Ìyàwó mi a ní kí n jẹ́ kí àlejò jẹun ná.

Ọ̀gá tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní Ìkòtún kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọ. Nígbà tí iṣẹ́ ilé alájà mẹ́ta kan dé lórí ilẹ̀ àkùrọ̀ ní Ìgándò, èmi ló fà á lé lọ́wọ́. Mo gbẹ́ ilẹ̀ wò níbi mẹ́rin. Amọ̀ dúdú rírọ̀ ni mo bá, iyanrìn gidi sì jìnnà sísàlẹ̀. Mo ní àfi ká da kọnkéré kan ṣoṣo sábẹ́ gbogbo ilé náà, bí ẹni tẹ́ ẹní. Ọ̀gá yẹ ìṣirò mi wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti bí injiníà. Iṣẹ́ yẹn ni mo kọ ìròyìn lé lórí.

Níwájú àwọn àgbà, mo ń fayọ̀ ṣàlàyé amọ̀ náà lọ nígbà tí obìnrin àárín wọn dá mi dúró. Ó ní ẹnìkan ti mú iṣẹ́ yìí kan náà wá ṣáájú mi, ọ̀gá mi sì ti jẹ́rìí pé onítọ̀hún ló ṣe é. Wọ́n bi ọ̀gá nípa tèmi, ó ní àwọn tó ń po kọnkéré ni mo kàn ń bójú tó. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni onítọ̀hún. Kò fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ Ìgándò rí.

Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá ní Ìkòtún, kò sẹ́. Ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún mi.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é.”

“Mo mọ̀. Ìwọ mọ iṣẹ́, wàá rí òmíràn ṣe. Òun ò mọ nǹkan kan. Bí mi ò bá fún un ní tìẹ, kí ni yóò mú lọ? Má bínú, jàre.”

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń pa òwe náà fún tẹ́lẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lábẹ́ injiníà mìíràn ní Ẹgbẹ́dá, mo sì gba òǹtẹ̀ mi nígbẹ̀yìn. Nígbà tí a ṣe àdúà ìdúpẹ́, ọ̀gá wá. Ó di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Ọmọ mi nìyí. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló pa pé òun ló kọ́ mi ni, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀ kó tó di òní.