Iná Oòrùn ní Agboolé Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn ara mi ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé mo ti wọlé. Kẹrosíìnì ni mo ń tà ní Bẹẹrẹ, nísàlẹ̀ òkè Mápó, ó sì pẹ́ tí mo ti ń tà á débi pé kò sí ọṣẹ tó ràn án mọ́. Bí mo bá dé ibi àsàlátù, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi á sún fún mi, èmi a sì rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run foríjìn ín, nìkan ni kò ráhùn rí. Ó ní ìyàwó tí òun fẹ́ kò lè sọnù mọ́ òun lọ́wọ́ nínú òkùnkùn.

Nígbà náà, mo gbà pé kò sí ohun tó lè ṣe ọjà mi. Mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ń jẹun tí ilẹ̀ sì ń ṣú, wọ́n á máa wá mi wá. Ènìyàn ṣì ń jẹun o, ilẹ̀ ò sì yéé ṣú. Àwọn oníbàárà mi ni kò wá mọ́. Wọ́n ti ra sítóòfù gáàsì, wọ́n ti ra àtùpà oníbátìrì. Kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ wá wọ́n débi pé èmi tí mo ń tà á ń fi igi dáná nílé. Mo máa ń jókòó ti àgbá mi láti àárọ̀, mo ń bú ẹni tó bá kọjá láìrà, títí ẹni tí mo lè bú náà fi tán.

Ọmọ mi obìnrin tó wà l'Ékòó gbọ́, ló bá pè mí lórí fóònù. "Màámi, ẹ kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá máa bá mi mójú tó ọmọ." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń pàṣẹ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká l'Ọ́jà'ba, bó bá ti dé ilé ọmọ, á di ẹni tó ń tọrọ gáfárà kó tó ṣí fíríìjì. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, mo ní mo fẹ́ ta ọjà tó kù ná. Kò sí ọjà kankan tó kù.

Níbi àsàlátù náà ni mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn àgbàlagbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní iṣẹ́ sólà, ìyẹn iná tí wọ́n ń fi oòrùn tàn, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Mápó. Ẹni tó bá yege á gba ìwé ẹ̀rí àti àpótí irinṣẹ́, á sì lè máa gba iṣẹ́ tirẹ̀. Mi ò ní í purọ́, nítorí pé wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ni mo ṣe lọ.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo wa lè bí. Lọ́jọ́ kìíní, ó ń ṣàlàyé bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe ń gba oòrùn, tí bátìrì sì ń pa iná rẹ̀ mọ́, ni mo bá nawọ́ sókè. Mo ní èyí tó bá jò dànù lójú ọ̀nà ńkọ́? Mo ní nínú ọjà tèmi, kò sí bí ènìyàn ṣe lè da kẹrosíìnì láti inú àgbá sínú kéègì kí díẹ̀ má ṣòfò. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí kálukú ń pè ní Ìyá Tíṣà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ̀yìntì, ògiri ilé nìkan ni òun ń kọ́ níwèé. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé òun náà fẹ́ béèrè ohun tí mo béèrè, ojú ló ń ti òun. Láti ọjọ́ náà la ti mú ara wa lẹ́nìkejì. Òun ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ fún mi, èmi ni mo ń gun àkàbà, nítorí pé bí Ìyá Tíṣà bá ti gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò nílẹ̀, orin ìsìnkú ló ń kọ wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, ọ̀gá wa ní kí ẹni méjì-méjì wá ilé kan, kí wọ́n so iná oòrùn síbẹ̀. Àwọn ló máa fún wa ní ohun èlò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun á wá wò ó. Bí gílóòbù bá tàn tí fáànù sì ń fẹ́, a ti yege. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí irinṣẹ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún mi. Ọmọ mi ti ra bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè mí l'Ékòó.

Agboolé bàbá mi l'Ọ́rányàn ni mo mú. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ilé ni mí, ọkọ ni gbogbo ìyàwó ilé ń pè mí. Mo ní ta ló máa sọ pé kí n má ṣe é? Mọ́gàjí ló sọ ọ́. Òun ni olórí ẹbí wa, bàbá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kì í kúrò lórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀.

"O fẹ́ gun ibo?"

"Orí òrùlé, Bàbá."

"Òrùlé tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ibẹ̀ loòrùn wà."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí, ẹnikẹ́ni kì í rìn lókè orí Mọ́gàjí tó bá wà nínú ilé. Bí páànù bá ń jò, káfíńtà á dúró kí n jáde ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wá jáde díẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo máa gbé mi?"

Mo wo Bàbá, mo wo fífẹ̀ àga wọn, mo gbà pé kì í ṣe èmi. Ìyá Tíṣà kúnlẹ̀, ó fẹ́ máa fi ohùn ilé-ìwé ṣàlàyé, mo fà á láṣọ pé kó dákẹ́, nítorí pé ọjà la ti wà yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná Bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, mo já sí òrùlé ilé ìdáná, Bàbá ní iyán òun ń ti ibẹ̀ wá. Níkẹyìn, wọ́n fún mi ní àgbàlá, wọ́n sì fi kún un pé nǹkan náà kò gbọ́dọ̀ ga ju orí àwọn lọ bí àwọn bá jókòó. Bí a ṣe ní kí wẹ́dà rọ ẹsẹ̀ onírin kúkúrú nìyẹn, a gbé páńẹ́ẹ̀lì lé e ní gbalasa, ibi tí òjìji kankan kì í dé, a fa wáyà wọlé. Nígbà tí fáànù gbéra, Bàbá dijú, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé oríyìn ńlá ni.

Ọ̀sẹ̀ pé. Ọ̀gá wa dé lẹ́yìn ìrun Àìlà, oòrùn ọyẹ́ ń ta bí ata. Ó tan gílóòbù, ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ó tan fáànù, fáànù rọra yí, ó dúró. Mo tú wáyà, mo so ó, mo fọwọ́ gbá bátìrì bí ẹni ń gbá ọmọ aláìgbọràn.

"Bó ti ń ṣe láti ìjẹta nìyẹn," ni Mọ́gàjí wí. "Mo rò pé ó ń sinmi ni."

Ìyá Tíṣà tọ wáyà jáde. Kò pẹ́ tó fi yọ orí sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa bọ̀ níta."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Mo jáde. Gbodo ló wà lórí páńẹ́ẹ̀lì, iṣu tí wọ́n ti bọ̀ tí wọ́n ń sá kó lè di èlùbọ́. Wọ́n tò ó funfun báláú láti etí kan dé ìkejì, kò ku àyè tí eṣinṣin lè bà sí. Ìyálé ilé wa, àgbà nínú àwọn ìyàwó ilé, jókòó tì í lórí àpótí, ó di igi mú.

"Ìyálé, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Mò ń lé ewúrẹ́, ọkọ mi."

"Orí kí lẹ sá gbodo sí?"

"Orí tábìlì tí ẹ ṣe fún wa ni. Eruku ò dé'bẹ̀, ó sì ń gbóná dáadáa. Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é."

"Tábìlì kọ́ o. Oòrùn ni nǹkan yẹn ń jẹ, òun ló ń gbé iná wọlé."

"Gbodo náà, oòrùn ló ń jẹ. Mo ní kí wọ́n jọ jẹ ẹ́."

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, ta lẹ ṣàlàyé nǹkan yìí fún nínú ilé?"

"Mọ́gàjí."

"Ta ló ń lo àgbàlá?"

Mo wo Ìyálé àti igi ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á padà wá lọ́la, ìgbà yẹn ni ìgbẹ̀yìn.

Bó ti jáde ni mo pe gbogbo ìyàwó ilé jọ, mo kó gbodo kúrò, mo fi ohùn tí mo fi ń pe oníbàárà ní Bẹẹrẹ ṣe ìwàásù. Ìyá Tíṣà ló dá a dúró. Ó ní kí Ìyálé fi ìborùn rẹ̀ bo páńẹ́ẹ̀lì, kí àwọn tó kù máa wo iná tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ tó ń darí iná sínú bátìrì. Ìyálé bò ó, iná kú. Ó ṣí i, iná jí. Ó bò ó, ó ṣí i, bí ọmọdé.

"Áà," ni Ìyálé wí, "ọ̀kánjúwà ni. Ó fẹ́ dá oòrùn jẹ."

"Ẹ jẹ́ kó dá a jẹ, Ìyálé," ni mo wí.

"Gbodo mi ńkọ́?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wẹ́dà ti gbé tábìlì páànù mìíràn wá fún gbodo, a gbé e sí ibi tí òjìji rẹ̀ kò ti lè kan tiwa. A nu páńẹ́ẹ̀lì mọ́ tónítóní. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tan nǹkan kan kí bátìrì lè jẹun yó, Mọ́gàjí náà sì gbà láti sùn láìsí fáànù. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí tí wọn ò ní í kọ orúkọ àwọn sí ló ń mú àwọn làágùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa tan gílóòbù, pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó tan fáànù, agbádá Bàbá gbé sókè. Ó fi fóònù tirẹ̀ gba iná, ó gbà. Ó bá jáde lọ wo páńẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Igi Ìyálé ló dá a dúró.

"Ọ̀gá, ẹ kúrò. Òjìji yín ń bọ̀ sórí rẹ̀."

Ó sún sẹ́yìn. Ó wo Ìyálé, ó wò wá. "Ẹ̀yin méjèèjì ti yege," ni ó wí, "ẹ̀yin mẹ́ta ni ká kúkú sọ."

Ìyá Tíṣà sunkún nígbà tí wọ́n ń pín ìwé ẹ̀rí. Èmi ò sunkún, mò ń yẹ àpótí irinṣẹ́ wò bóyá ó pé.

Àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí, láti Bẹ́yẹrunkà dé Ọjà'ba. Bí a bá wọ agboolé, n kì í kọ́kọ́ béèrè òrùlé. Mo máa ń béèrè ẹni tó ń sá nǹkan, ohun tó ń sá, àti ibi tó ń sá a sí, òun ni mo sì ń kọ́kọ́ kọ́. Ọmọ mi ti wá ẹlòmíràn tí yóò máa mójú tó ọmọ. Mo ṣì ń lọ kí wọn, àlejò ni mo sì ń jẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi.

Láìpẹ́ yìí, mo parí iṣẹ́ lórí òrùlé ilé kan l'Óníyanrìn, orúnkún ń ro mí, mo bá jókòó síbẹ̀ kí n sinmi. Gbogbo òrùlé Ìbàdàn àtijọ́ tò lọ níwájú mi, páànù tó ti dógùn-ún, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí wọ́n gun òkè lọ dé Mápó. Àwọn tó ń wá ya fọ́tò máa ń sọ pé ó lẹ́wà. Ìyá Tíṣà pariwo láti ìsàlẹ̀ pé kí ni mò ń wò láti àárọ̀.

Mo ní iṣẹ́ tí a ò tíì ṣe ni.