Èéfín Ìyá Ó-Ti-Hó

Bí ẹ bá gbọ́ tí a ń pe ìyá àgbà kan ní Ìyá Ó-Ti-Hó, ẹ má rò pé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àdúgbò wa ló fún un lórúkọ. Kò sí ẹni tó lè gbé omi sẹ́nu nílé rẹ̀ kí ìyá náà má kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ó ti hó?" Omi òjò ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Ó ń ti orí páànù ṣàn wọnú táǹkì, wọn á bù ú sínú ìkòkò ńlá, orí iná igi ni ìkòkò ọ̀hún sì ń gbé tọ̀sán-tòru.

Káfíńtà ni mí, èmi ni mo máa ń bá a tún òrùlé ṣe, ojú mi sì ti rí màbo. A kì í sá aṣọ funfun síta mọ́ nítorí èéfín rẹ̀. Ìyàwó mi sá aṣọ ìbora tuntun níjọ́ kan, nígbà tó fi máa ká a, ó ti dúdú kọjá fífọ̀. Igi ẹ̀yìnkùlé tí gbogbo wa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ìyá ti gé e dáná tán, kùkùté ló kù. Inú bí mi, mo lọ bá a. Mo ní ṣé ìkòkò kan kò lè tó o lójúmọ́ ni. Kò bínú. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru ló pa àkọ́bí òun, omi tí kò hó ló sì fà á. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ta ló máa bá ẹni tó ti sin ọmọ jiyàn lórí omi? Mo padà sílé, mo ní kí ìyàwó mi máa sá aṣọ sínú yàrá.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ibi iṣẹ́ ìyá ọmọ náà jìnnà. Ọmọ yìí lojú tí ìyá àgbà fi ń ríran. Ó ṣe díẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ikọ́ náà kò sì lọ bọ̀rọ̀. Ìyá ọmọ pè, ó ní bí òun bá dé lọ́jọ́ Sátidé tí òun ṣì bá ikọ́ yẹn, òun máa mú ọmọ òun lọ ni. Jìnnìjìnnì bo ìyá àgbà. Ó ní omi táǹkì ti ń dúdú, omi náà ló ń ṣe ọmọ. Bí omi ṣe ń dúdú sí i ló ń kó igi sí i. Omi tó ti hó tẹ́lẹ̀, ó tún ń gbé e padà síná. Ikọ́ kò gbọ́, ńṣe ló ń le sí i.

Nígbà tí Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí pé bóyá eku ló kú sórí òrùlé. Mo gun àkàsọ̀. Kò sí eku, kò sí ẹyẹ. Mo fọwọ́ ra páànù, ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ihò tí èéfín ń gbà jáde nílé ìdáná kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn gan-an. Èéfín ń lẹ̀ mọ́ páànù, òjò ń fọ̀ ọ́ sínú táǹkì, ìyá ń rí omi dúdú, ó tún ń dá iná tó ju ti àná lọ. Ẹ̀gbẹ́ iná yẹn náà sì ni ọmọ máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń tàkúrọ̀sọ. Àánú ìyá náà ṣe mí débi pé n kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ṣá, mo fi ọwọ́ mi hàn án, mo ṣàlàyé. Mo ti ń retí èébú. Ó fi ìka ra àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wo ìka náà títí. Ó bu omi tó ti hó, ó dà á lu iná, iná kú. Ó wọ yàrá lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún.

Ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ náà, dé lọ́jọ́ Sátidé, ó ti múra ìjà wá láti ọ̀nà. Ẹrù ọmọ ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú báàgì. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló dì í.

"Mú un lọ," ló wí. "Mo búra pé omi kò ní pa ọmọ mìíràn mọ́ lọ́wọ́ mi. N ò mọ̀ pé iná tí mò ń dá gan-an ló ń pa á lọ."

Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sunkún, ṣùgbọ́n ó mú ọmọ náà lọ. Ó sì yẹ kó mú un lọ. Ìyá àgbà dúró títí wọ́n fi yà ní ìkóríta, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó wá kọjú sí mi, ó ní kí n tètè gun òkè, ká fọ páànù yẹn kí òjò tó dé.