Èékánná Kúkúrú Lókè Afárá

Aránbàtà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí géètì ilé-iṣẹ́ ìlagi, tó fi jẹ́ pé ìyẹ̀fun pákó ló ń bá a kun àtíkè láràárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju kí ènìyàn mẹ́ta jókòó, kí ẹ̀kẹrin fi ìdí kan dúró síta. Ṣùgbọ́n bàtà tó ti jáde níbẹ̀, bí a bá tò wọ́n sójú títì, ọkọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wọ bàtà tí òun fọwọ́ kàn, bó rìn lórí ọṣẹ tó lómi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní yẹ̀.

Ẹgbẹ́ rọ́gíbì àwọn onígẹdú ló ń bá ṣiṣẹ́ jù. Bọ́ọ̀lù yẹn ni, èyí tó rí bí ẹyin, tí àwọn géńdé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń gbá mọ́ àyà sáré bí ẹni tó jí ọmọ gbé. Ìgbà mìíràn, mẹ́jọ nínú wọn á di ara wọn mú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á forí kan mẹ́jọ ti ẹgbẹ́ kejì bí àgbò, ẹgbẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ̀ ti gbé nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yí irin róbótó-róbótó mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn. Èékánná ni àwọn aránbàtà ń pè é. Bí ilẹ̀ bá le, kúkúrú ni wọn yóò yí sí i. Bó bá rọ̀, gígùn. Ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó bá ṣì í ti ta ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́wọ́ ọ̀tá.

Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ ní àbúrò kan, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Bàbá wọn ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ló sì mọ̀ ọ́n jù, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ìgbà tí àbúrò fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ pọ̀ ju ìgbà tó lu ìṣó lọ. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá ń re ibi àgbà ń rè, àbúrò ló pè, òun ló sì gbé ẹsẹ̀ irin fún. Ẹsẹ̀ irin ni irin tó rí bí ẹsẹ̀ tó kọ àtẹ́lẹ̀ sókè, tí wọ́n ń fi bàtà há lórí kí wọ́n tó kàn án. Bàbá wọn jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ti ra òmíràn láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, tuntun tó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n bó bá fi òòlù kàn án, ohùn rẹ̀ kì í dà bí ti bàbá létí rẹ̀. Ìlara á dé, á fà á létí, á ní, "Ti àbúrò rẹ ló ń dún dáadáa."

Ìyẹn nìkan kọ́. Àbúrò kó lọ sókè afárá, ní òdìkejì odò, ó di aránbàtà ẹgbẹ́ rọ́gíbì ibẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bí onígẹdú bá gbọ́ orúkọ wọn, itọ́ ẹnu rẹ̀ á korò. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò ẹgbẹ́ wọn, wọ́n gbé àga fún un níwájú. Ó jókòó sáàárín balógun ẹgbẹ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó káwọ́ lé orúnkún bí ọba. Àwọn onígẹdú náà ní fọ́tò tiwọn lára ògiri ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ nìkan ló wọ̀ ọ́, lápá òsì, lẹ́yìn Àpáta. Àpáta yìí ló tóbi jù nínú ẹgbẹ́. Bó bá ń rìn bọ̀ lójú títì, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ládùúgbò á máa kí ara wọn. Bí àlejò bá wọ ọ́fíìsì náà, Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ á nàka sí i: "Ẹ rí ìgbọ̀nwọ́ yẹn? Èmi nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá àwọn ọmọ, owú tí ẹ ń jẹ lórí àga yìí, ká ní iṣẹ́ kápẹ́ńtà lẹ fi ṣe ni, ẹ ò bá ti kan mẹ́wàá."

"Ta ló ń jowú? Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni."

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ bá àwọn òkè afárá gbá nílé wọn, balógun àwọn onígẹdú yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bàbá, bí a bá fi lè nà wọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àga iwájú nínú fọ́tò ọdún yìí, tiyín ni."

Láti ọjọ́ náà ni Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ ti ń kọ́ ìjókòó níwájú dígí. Ó káwọ́ lé orúnkún, kò wù ú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ṣe jókòó. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Níkẹyìn, ó pinnu pé òòlù lòun yóò gbé lé itan.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ṣé ilé ń ṣe dáadáa?"

"A wà. Kí ló dé?"

"Pápá wa ni. Páìpù omi kan bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Òkè ẹ̀ gbẹ, ẹ lè sá aṣọ sí i, àmọ́ abẹ́ ẹ̀ ti rọ̀ bíi tìmùtìmù. Gígùn ni kẹ́ ẹ yí sí i o."

"Ìwọ lo wá ń kọ́ mi ní èyí tí màá yí?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́."

Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn tí òjò kò rọ̀. Ẹni tó bá fi èékánná gígùn rìn lórí ilẹ̀ líle, bí adìẹ tó ń rìn lórí eérú gbígbóná ni yóò máa ṣe. "Ó ti gba ẹsẹ̀ irin," ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀, "ó ti gba àga tiẹ̀. Èyí tí mi ò tíì fìdí kàn gan-an ló tún wá ń dù."

"Ìgbà wo ló parọ́ fún yín rí?"

"Gbogbo òpùrọ́ ló ní ìgbà àkọ́kọ́."

"Ó dáa, ẹ ṣáà kó méjèèjì dání."

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayé bàbá: agolo méjì ni aránbàtà ń gbé lọ sóde, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ yí kúkúrú sí gbogbo bàtà. Ó gbé agolo gígùn, ó wò ó, ó sì dá a padà sórí pẹpẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà yí òun lérò padà lórí pápá.

Nígbà tí wọ́n dé òkè afárá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. Ilẹ̀ dáhùn kó. Ó wo àbúrò rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó mi orí bí ẹni tó ká olè mọ́ ibi ọbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́jọ forí kan mẹ́jọ ni òkè ilẹ̀ já. Àpáta tẹ ẹsẹ̀, ilẹ̀ gbé e mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó fẹ́ tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì wó lulẹ̀ bí igi ìrókò tí wọ́n gé ní ìdí, ọ̀wọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gun orí ara wọn. Àwọn òkè afárá, tí èékánná tiwọn di ilẹ̀ mú ṣinṣin, gbé bọ́ọ̀lù kọjá lórí wọn, wọ́n fi kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi, ó ti di mẹ́tàdínlógún sí mẹ́ta.

Balógun sáré wá, ẹrẹ̀ dé etí rẹ̀. "Bàbá, ẹ bá wa yí gígùn sí ti àwọn mẹ́ta iwájú. Wọn ò ríbi fẹsẹ̀ tì."

"Gígùn... ó wà nílé."

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò dé, tó fi jákẹ́ẹ̀tì bo agolo kan mọ́ra. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá rí i, àga tirẹ̀ lọ nìyẹn. Ó rọra sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà. Mo mú kọ́kọ́rọ́ èékánná méjì wá, ẹ jẹ́ ká jọ yí i kíá."

Gbogbo ojú wà lára Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀. Ó wo agolo náà, ó sì rí i bí ìtàn náà yóò ṣe máa lọ: bí àwọn onígẹdú bá borí, àbúrò ló gbà wọ́n. Wọ́n á ní kó wá jókòó sórí àga iwájú tiwọn náà.

"Ẹnu bàtà tiwa ò bá èékánná tiyín mu," ló sọ. "Kò lè wọ̀ ọ́."

Ọwọ́ oníṣòwò kan náà làwọn méjèèjì ti ń rà á, àbúrò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àbúrò yóò já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́ lójú àwùjọ? Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó da jákẹ́ẹ̀tì padà bo agolo. "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ ṣe wí náà ni."

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí mẹ́ta ni wọ́n parí ẹ̀. Àwọn tó wá wòran ń kọjá, ọ̀kan ní, "Ẹ bá wa kí Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ o." Èkejì ní, "Èwo lára ẹsẹ̀ náà?"

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wẹ̀, Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn pápá. Ẹsẹ̀ irin bàbá wà níbẹ̀, ṣóńṣó irin náà ti kán. Ìbéèrè tí kò bi ẹnikẹ́ni fún ọdún mọ́kàndínlógún bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Kí ló dé tí bàbá fi gbé e fún ẹ?"

"Ẹ ò mọ̀ ni? Wọ́n ní ẹ̀yin lè kan bàtà lórí itan yín láìgún ara yín. Wọ́n ní tèmi, bí ò bá sí irin lábẹ́ ẹ̀, màá kan bàtà mọ́ra." Ó ká ṣòkòtò sókè. Àpá ìṣó mẹ́ta tò sí itan rẹ̀. "Ọwọ́ yín yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, mo jowú ẹ̀ títí ó fi sú mi."

Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ fọwọ́ pa ẹsẹ̀ irin náà. "Kí ló wá ṣe wọ́n tí wọn ò sọ fún èmi?"

"Wọ́n ní orí yín á wú."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé àwọn onígẹdú padà sílé, àwọn kan ń bú rẹfirí, àwọn kan ń bú koríko. Àpáta nìkan ló sunkún, omijé ọkùnrin tó tóbi tó ilé. Ó ní òun lòun ṣubú, òun ò ní gbá a mọ́. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sọ pé rárá.

Aránbàtà dìde, ó di irin ìjókòó mú. "Àpáta, kì í ṣe ìwọ. Wọ́n sọ fún mi lánàá pé ilẹ̀ ti rọ̀, mo ní irọ́ ni. Agolo tí wọ́n gbé wá yẹn, ìbá wọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kó wọ̀ ọ́ ni."

Àpáta nu ojú, ó sì yí i sí fèrèsé. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ya fọ́tò. Balógun gbé àga síwájú, láàárín òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹsẹ̀-ò-yẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ kan bọ̀, òòlù lọ́wọ́, nígbà tí balógun fi ọwọ́ dá a dúró.

"Bàbá, a ò ní fi ẹlòmíì síbẹ̀, àmọ́ a ò ní fi ẹ̀yin náà síbẹ̀ lọ́dún yìí. Bí a bá padà lọ sókè afárá, tí a borí, ẹ ó jókòó."

Wọ́n ya fọ́tò náà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àga igi òfìfo níwájú. Bí àlejò bá wọ ọ́fíìsì lónìí, gbogbo wọn ló ń béèrè àga náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbọ̀nwọ́ rí. Aránbàtà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, agolo méjì lábẹ́ abíyá, á máa wò ó. Ẹni tó jowú irin fún ọdún mọ́kàndínlógún ti wá ń jowú igi.